Ta ló mọ ìtàn ilé ìkàwé Àgbádárìgì ayé àtijọ́?

Ẹ̀yin àgbà Àgbádárìgì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Bàbá mi ní àwọn máa ń yá ìwé kà nílùú wa kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967. Nígbà náà, abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn la wà, Ìbàdàn là ń wò. Mo fẹ́ lọ wo àwọn fáìlì BADADIV, ìyẹn ìwé àtijọ́ ọ́fíìsì ìjọba ẹkùn Àgbádárìgì (Badagry Division), ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ta ló ti lò wọ́n rí? Kí ni kí n béèrè? Àdúgbò wo ni wọ́n ti ń yá ìwé náà? Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan, mo sì fẹ́ ka ìtàn yìí sí wọn létí.