Ìtẹ̀há ni, kì í ṣe ìgúnwọlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ náà.

Láti ọjọ́ Ajé la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí: kí ni ká máa pe iṣẹ́ tí à ń ṣe nígbà tí a bá ń fi díọ́ọ̀dù lésà, ìyẹn ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ lésà jáde, sínú ilé onírin rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn ní "ìgúnwọlé". Àbúrò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní "ìkìbọ̀". Èmi tí mo ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin níbí, tí mo sì ti ba díọ́ọ̀dù jẹ́ kọjá kíkà, n ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Mo ń kọ́ ọmọṣẹ́ mi kan ní iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ kan. A ti yọ díọ́ọ̀dù pupa kan lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sórí DVD, ẹ̀rọ náà ti kú. Mo ní, "Gún un wọlé." Kí n tó yíjú padà, ó ti gbé òòlù! Mi ò lè bá a wí, ohun tí mo sọ ló ṣe. Iyán la máa ń gún, ọmọ odó á máa lọ sókè sódò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lù ú, díọ́ọ̀dù ò sì tan mọ́ títí dòní.

"Kì" sàn díẹ̀, àmọ́ ìbọn ni wọ́n ń kì. Ẹ̀tù, òwú, àkísà, ohun tó lè fún pọ̀ la fi ń kì nǹkan. Díọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ fún pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́. Mìlímítà 5.6 ni ìdí èyí tó wọ́pọ̀ jù fi fẹ̀, kò tó èékánná ọmọńdinrín. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní lẹ́yìn. Gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde wà níwájú. Ihò inú ilé rẹ̀ fi bíńtín kéré sí i. Ẹ̀yìn la ti ń tẹ̀ ẹ́, a kì í fọwọ́ kan iwájú. Irin róbótó kan tó ní ihò láàárín la fi ń ṣe é: ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wọnú ihò yẹn, etí irin nìkan ni yóò kan etí díọ́ọ̀dù. Bí irin bá lọ tẹ ìdí ẹsẹ̀, gíláàsì tó di ẹsẹ̀ mú níbẹ̀ á sán. A ó wá kó gbogbo rẹ̀ sáàárín étó, irin tí àwọn mẹkáníìkì fi ń di nǹkan mú, a ó sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ fúyẹ́ lọ́wọ́, á le, á tún le sí i, lójijì á dúró gbọnin. Ó ti jókòó nìyẹn. Ẹ ò ní gbọ́ ariwo kankan. (Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Iná tó ń ta pàrà lára aṣọ náílọ́ọ̀nù lè pa á kí ẹ tó mọ̀.)

Títẹ̀ ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, híhá ló sì há síbẹ̀. Ìtẹ̀há.

Ẹnìkan kọ̀wé lánàá pé "há" dún bí ìjàǹbá, bí eegun ẹja tó há sí ni lọ́fun. Eegun ẹja gan-an lẹlẹ́rìí mi: kò sẹ́ni tó so ó, kò sẹ́ni tó fi àtè lẹ̀ ẹ́, kò sì jáde. Bí díọ́ọ̀dù ò bá há, ooru rẹ̀ ò ní ríbi gbà lọ, á sì jóná. Ìdí nìyẹn tí ilé bàbà fi sàn ju ti idẹ lọ, nítorí bàbà ń gbé ooru lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti idẹ.

Ẹni tó ní ká pe ilé náà ní "àkọ̀", ẹ jọ̀ọ́, idà ń wọ àkọ̀, ó sì ń jáde. Bó bá jẹ́ "èèkù" lẹ wí, ǹ bá gbà, torí ohun tó bá ti wọ èèkù ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. "Tẹ" yẹn kì í ṣe "tẹ̀" tiwa, àmọ́ ó dùn mọ́ mi bí wọ́n ṣe pàdé.

"Lésà" fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mélòó kan làwọn tó ni ín fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwa tó gba ilé ìwé Faransé kọjá ń pè é ní lasẹ́ẹ̀, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni irin róbótó yẹn. Mo fẹ́ pè é ní "ọ̀pá ìtẹ̀", àmọ́ lórí fóònù tí kò ní àmì ohùn, ta ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìtẹ́ ọba? Àwa tí a ń kọ ɛ, ɔ àti kp dípò ẹ, ọ àti p níhìn-ín ò bọ́ nínú ẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ló kù. Nígbà míì á há lóòótọ́, ṣùgbọ́n á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìmọ́lẹ̀ á sì máa wo igun ògiri. Kí lẹ̀yin ń pe ìyẹn níbẹ̀ yẹn?