Ìdáhùn: "ẹsẹ̀ kábọ̀nù" — ẹsẹ̀ wo ni èéfín ní?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjókòó o.

Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ tó ń bọ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: wọ́n gbé ìwé ìléwọ́ kan fún mi láti túmọ̀, èyí tó ń kọ́ àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe lè dín afẹ́fẹ́ kábọ̀nù tí ilé wọn ń tú sójú òfurufú kù. Òyìnbó ní orúkọ kan fún àpapọ̀ afẹ́fẹ́ náà, "carbon footprint", ó so ẹsẹ̀ mọ́ kábọ̀nù. Mo béèrè ohun tí àwa yóò máa pè é. Bọ̀dá wa tó wà ní Ṣakí ní "ẹsẹ̀ kábọ̀nù". Bàbá wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ní "ipasẹ̀ èédú". Àǹtí wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní ká kúkú pè é ní "afẹ́fẹ́ olóró ilé", kó tán síbẹ̀.

Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá, ẹ má bínú sí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ bá ìyá ẹlẹ́wà tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa n'Íbàdàn. Mo kà á sí i létí: "Bí o ṣe lè dín ẹsẹ̀ kábọ̀nù ilé rẹ kù." Ó dá ṣíbí dúró lókè ìkòkò. "Kábọ̀nù? Ṣé ìwé dúdú tí wọ́n máa ń tẹ́ sáàárín rìsíìtì yẹn?" Mo ní rárá, mà. Ọmọ rẹ̀ tó ń fọ abọ́ nu ọwọ́, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti jẹ gbogbo àmì orí àti ìdí ọ̀rọ̀ tán. Ó wá kà á sókè ketekete: "Bí o ṣe lè dín ẹ̀ṣẹ̀ kábọ̀nù ilé rẹ kù." Ìyá rẹ̀ mi orí. "Mo ti mọ̀ ọ́n. Ìwé ìwàásù ni."

Bọ̀dá Ṣakí, ọ̀rọ̀ yín kú síbẹ̀ lójú mi.

Àmọ́ kì í ṣe ti ìpè nìkan. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ òyìnbó gan-an ti wá. William Rees, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kánádà, ló fi ẹsẹ̀ ṣe àkàwé ní ọdún 1992, ilẹ̀ ló sì fi ń wọ̀n: ilẹ̀ tí ìlú kan nílò kó tó lè jẹun, kó tó lè rí igi lò, kó tó lè rí ibi da ìdọ̀tí sí. Ẹsẹ̀ bá ilẹ̀ mu. Ẹsẹ̀ ńlá, ilẹ̀ púpọ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n yọ ilẹ̀ kúrò tí wọ́n ti kábọ̀nù bọ̀ ọ́, ilé iṣẹ́ epo BP sì fi ìpolówó gbé e káàkiri láti nǹkan bí ọdún 2004, tòun ti ẹ̀rọ ìṣirò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kálukú lè fi ka ti ilé tirẹ̀. (Ẹni tó ń ta epo ló ń bi ẹni tó ń rà á pé, "Mélòó ni èéfín tìrẹ?" Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.) Ohun tí wọ́n ń kà wá di kìlò àti tọ́ọ̀nù. Ta ní ń gbé ojú ẹsẹ̀ sórí òṣùwọ̀n? Àkàwé yẹn ti ṣẹ́ mọ́ òyìnbó lọ́wọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí la fẹ́ fi èyí tó ti ṣẹ́ ṣe? Arákùnrin wa láti Kétu sì ti jẹ́ ká mọ̀ pé orúkọ méjì ni Faransé ń lò: ọ̀kan gba ọ̀nà ẹsẹ̀, èkejì jẹ́ ìṣirò bíi ti oníṣòwò tó ń ka jèrè àti àdánù. Èkejì yẹn ló wù mí.

Ti Bàbá ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Èédú ni Látìn pè kí kábọ̀nù tó jáde lára rẹ̀, ohun èédú náà ni àwọn Jámánì ń pè é títí dòní. Nínú ìwé kẹ́mísírì, mo fọwọ́ sí i tọwọ́ tẹsẹ̀. Àmọ́ inú ilé ni ìwé yìí ń lọ. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń lo gáàsì dín èédú kù, yóò ní òun ò ra èédú láti ọdún tó kọjá. "Ipasẹ̀" náà sì ti bá "nípasẹ̀" lọ pátápátá. Ẹni tó bá gbọ́ "ipasẹ̀ èédú" yóò máa retí ohun tí wọ́n fi èédú ṣe.

Èyí tó bà mí lẹ́rù ni "afẹ́fẹ́ olóró". Àǹtí, ẹ dákun, afẹ́fẹ́ méjì ló wà níbí. Èyí tó ń pa odindi ìdílé lójú oorun nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, kábọ̀nù-mónósáìdì, olóró nìyẹn lóòótọ́. Èyí tí à ń sọ, kábọ̀nù-dáyọ́sáìdì, àwa fúnra wa ń mí i síta ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ìwọ̀n tó sábà máa ń wà nínú yàrá kò ní oró, ìpọ̀jù rẹ̀ lójú òfurufú ló ń mú ayé gbóná. Bí a bá pe méjèèjì ní orúkọ kan, ẹni tó ti ṣí fèrèsé yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun tí mo mú wá ni "ẹrù èéfín".

Ẹrù ń wúwo, ẹrù ń fúyẹ́, a lè sọ ọ́ kalẹ̀, a lè pín in rù. Ẹrù gba kìlò láìjanpata. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: lítà epo pẹtiróòlù kan, bí a bá sun ún tán, kìlò kábọ̀nù-dáyọ́sáìdì 2.3 ló ń tú jáde. Bẹ́ẹ̀ epo náà fúnra rẹ̀ kò tó kìlò kan. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé wọ́n ṣì í kọ ni. Àbúrò mi tó ń kọ́ ọmọ ní kẹ́mísírì ló là mí lóye: kábọ̀nù inú epo ló ń fa ọ́síjìn mọ́ra nínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń jó, ọ́síjìn yẹn ló pọ̀ jù nínú ìwọ̀n náà. Ilé tó bá ń sun lítà mẹ́rin lálẹ́, kìlò 9.2 nìyẹn. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó di kìlò 276. Mo sọ fún ìyá ẹlẹ́wà pé ó ju àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lọ. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ilé aládùúgbò rẹ̀, ó ní, "Ta ló wá gbé e gòkè?"

Ohun tí "ẹsẹ̀" kò lè ṣe fún mi nìyẹn.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Àkọ́kọ́, "eru" láìsí àmì lè di ẹ̀rù, ó sì lè di ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ẹlẹ́wà kọ́kọ́ kà á sí "ẹ̀rù èéfín", ìyá rẹ̀ sì ní ìyẹn náà ò burú. Èkejì ló le díẹ̀: gáàsì kì í rú èéfín, ìgbóná ilé Àǹtí ní Lọ́ńdọ̀nù kì í rú u, gílóòbù kì í rú u. Mo gbà. Ṣùgbọ́n à ń pe ohun tó ń jáde nídìí mọ́tò tuntun ní èéfín mọ́tò, bí ojú ò tilẹ̀ rí i. Ọ̀rọ̀ náà ti ń fẹ̀ fúnra rẹ̀. Sìlíńdà gáàsì oníkìlò 12.5 ń di ẹrù bíi kìlò 37 kó tó tán, bí iná rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ lóló.

Ọ̀rọ̀ ààtàn tún wà ńbẹ̀. Oúnjẹ tí a dà nù tó ń jẹrà lábẹ́ òkìtì ìdọ̀tí ń tú afẹ́fẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní mẹ́táànì. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, kìlò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó bíi kìlò 28 ti kábọ̀nù-dáyọ́sáìdì. Kò sí èéfín níbẹ̀ rárá, àfi òórùn, àmọ́ "ẹrù" ṣì gbà á, torí ìwọ̀n la ń dì papọ̀. (Ẹni tó bá fún ewúrẹ́ ní èèpo iṣu kó má ṣe yọ̀ jù: ewúrẹ́ náà ń gùfẹ̀ mẹ́táànì jáde.)

Ti ìṣe inú ìwé náà kò fún mi ní wàhálà, èdè wa ti ní wọn tipẹ́. Ìyá ẹlẹ́wà ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú kó lè tètè jinná, ó ń dé ìkòkò, bó bá sì ti ń hó, ó ń fa igi yọ lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ojú ọjọ́, kí igi má baà tán ni. Mo kan kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ ni, mo wá fi kún un pé ká yọ gílóòbù wáàtì 60 ká fi LED wáàtì 9 dípò, ká máa kó aṣọ jọ ká tó lọ̀ ọ́. Ibi tí mo yí padà ni "dín kù". Ẹrù kì í dín kù nìkan lẹ́nu wa, ó ń fúyẹ́. Àkọlé ti wá di: "Jẹ́ kí ẹrù èéfín ilé rẹ fúyẹ́."

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń retí rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju èyí lọ kó fi ránṣẹ́ kílẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣú, àmọ́ kó kọ́kọ́ kà á fún ẹni tó ń dáná, kó sì sọ ohun tí onítọ̀hún fèsì fún wa.