Báwo ló ṣe yẹ kí a máa dáhùn ìpè àwọn oníbàárà ní iléeṣẹ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Iṣẹ́ gbígbé fóònù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lé mi lọ́wọ́ ní iléeṣẹ́ wa. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí mo bá ní kí oníbàárà dúró díẹ̀, ó ti máa ń pa fóònù kí n tó padà dé, bẹ́ẹ̀ n kò sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí ẹnikẹ́ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn kìn-ín-ní

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó pè yín kò rí yín. Bí ẹ tilẹ̀ ń tú gbogbo fáìlì nítorí rẹ̀ tí òógùn ń bọ̀ lójú yín, ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni òun ń gbọ́, yóò sì máa rò pé ẹ ti gbàgbé òun. Ẹ má kàn sọ pé "Ẹ dúró" kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ sọ pé: "Mo fẹ́ wo ìwé ọjà yín, ó lè tó ìṣẹ́jú méjì, ṣé ẹ lè dúró, àbí kí n pè yín padà?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ kí ó fèsì. Ọ̀pọ̀ wa máa ń béèrè láìdúró gbọ́ èsì, mo sì gbà pé èyí ló ń bí oníbàárà nínú jù lọ. Bí ìṣẹ́jú méjì bá pé tí ẹ kò tíì rí ìwé náà, ẹ padà wá sọ ibi tí ẹ bá a dé.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ tún ṣọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìpè: kí ó tó dún ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ni kí ẹ ti gbé e, kí ẹ kí ẹni náà, kí ẹ dárúkọ iléeṣẹ́, kí ẹ tó dárúkọ ara yín. Ọ̀rọ̀ bíbọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń pè yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ tẹlifóònù. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ gbà láti máa so ìpè pọ̀ a máa rí àwọn tó ń pè fín. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gba Emma Nutt síṣẹ́ ní ọdún 1878, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà àti orúkọ. Ìlà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ju ìró tó wà láàárín nǹkan bí 300 sí 3,400 hertz (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìró ṣe ga tó) lọ, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ohun tí etí fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín "s" àti "f" ló ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún lẹ́tà orúkọ náà pè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún nọ́ńbà kà fún oníbàárà kí ó tó kúrò lórí fóònù. Bí ẹ bá sì fẹ́ so ó pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó bá wá fún ẹni náà, kí oníbàárà má baà tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀.