Ọlọ́pàá tó ń gba ìpè pàjáwìrì ni mí ní Àbújá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tóyìn, Àbújá:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí gbogbo yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo wà tẹ́lẹ̀, tí mo ń gba ẹ̀sùn lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lójúkojú, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé mi lọ sí yàrá tí a ti ń gba ìpè pàjáwìrì. Àwọn kan máa ń pe nọ́ńbà wa tààrà. Àwọn mìíràn á pe 112, tí ibùdó tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, dá sílẹ̀ fún un á sì gbé ọ̀rọ̀ wọn fún wa. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, n kò sì fi ṣeré. Ohun tó ń wọ̀ mí lọ́rùn ni pé mo máa ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ ibi tó parí sí.

Ní òru ọjọ́ kan, obìnrin kan pè láti Lugbe. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú aṣọ lọ. Ó ní ọkọ òun wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti mutí yó, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé níbo gan-an ní Lugbe, ó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ní géètì aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí nǹkan bọ́ lulẹ̀, ìpè náà sì já. N kò pè é padà, nítorí pé bí fóònù rẹ̀ bá dún, ó lè tú u fó fún ẹni tó ń sá pamọ́ fún. Mo fi rédíò bá àwọn pàtíróòlù sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ti gbéra, kò sì pẹ́ tí àsìkò iṣẹ́ mi fi pé. Nígbà tí mo padà dé, ohun tí mo bá nínú ìwé kò ju "a ti rán wọn lọ" lọ. Títí di òní, bí mo bá dùbúlẹ̀, ariwo nǹkan tó bọ́ yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé kí n yé wádìí, pé iṣẹ́ mi ti parí ní kété tí mo bá ti gbé ọ̀rọ̀ fún àwọn tí yóò lọ. Ọkọ mi ní tirẹ̀ fẹ́ kí n kọ̀wé kí wọ́n gbé mi padà sí àgọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ yín ni pé, ṣé ó tọ́ kí n máa béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, àbí kí n gbé e kúrò lọ́kàn? Báwo ni àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ṣe ń rí oorun sùn? Bákan náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pè kò mọ bí wọ́n ṣe lè júwe ibi tí wọ́n wà, Hausa tí mo sì gbọ́ kò ju ti ọjà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìmọ̀ràn dù mí.

Bàbá Wálé, Kúbwá:

Ìyá Tóyìn, ẹ fetí sí ọkọ yín. Ẹni tó bá ń gbé ohùn ẹlòmíràn wá sílé lálaalẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ kọ̀wé, kí wọ́n gbé yín kúrò níbẹ̀. Ọlọ́run yóò rán ẹlòmíràn síbẹ̀.

Bàbá Fẹ̀yìntì, Kàdúná:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìlú. Mo jókòó sí ìdí rédíò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, n kò sì fara mọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ sọ. Kì í ṣe òfófó ni kí ẹni tó gba ìpè béèrè àbọ̀. Àbọ̀ gan-an ni yóò jẹ́ kí ó mọ̀ bóyá bí òun ṣe júwe ọ̀nà tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí o fi fóònù tìrẹ pe obìnrin náà, tàbí kí o wá ilé rẹ̀ lọ lọ́jọ́ ìsinmi, nítorí o lè kó o sínú ewu tuntun. Ọ̀nà tó mọ́ ni ti ìwé. Àwọn pàtíróòlù gbọ́dọ̀ sọ lórí rédíò ìgbà tí wọ́n gbéra, ìgbà tí wọ́n dé, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n kúrò. Bí ó bá jẹ́ pé gbígbéra nìkan ni ẹ ń kọ, a jẹ́ pé ìwé yín kò pé. Lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó yàrá náà, kí o sì dábàá pé kí ẹ ya àyè kan sọ́tọ̀ nínú ìwé fún àbọ̀. Kí ó sì di òfin láàárín yín pé ẹni tó ń lọ ilé yóò ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò tíì ní àbọ̀ sí etígbọ̀ọ́ ẹni tó ń wọlé, tí òun náà yóò sì máa béèrè lọ́wọ́ àwọn pàtíróòlù títí yóò fi rí ohun kọ síbẹ̀. Èyí kì í ṣe nítorí ìbàlẹ̀ ọkàn rẹ nìkan. Bí àwọn pàtíróòlù kò bá rí ilé náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé obìnrin náà ṣì ń retí wọn.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ibi tí ẹni náà wà ni kí o kọ́kọ́ gbà lẹ́nu rẹ̀ kí o tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, torí bí ìpè bá tilẹ̀ já, o ti ní ibi tí o lè rán ènìyàn lọ. Wuse àti Garki rọrùn, wọ́n ní orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé. Ṣùgbọ́n ní Mpape, Dei-Dei, Lugbe àti Nyanya, má ṣe fi àkókò ṣòfò lórí àdírẹ́sì. Bi í pé, "Bí ẹ bá ń lọ ilé, kí ni ẹ máa ń sọ fún ọlọ́kadà?" Ìdáhùn yẹn kì í sábà ṣìnà, nítorí ojoojúmọ́ ni ó ń wí i, ẹ̀rù kì í sì í mú un gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni kí o wá béèrè mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí, tíránsífọ́mà, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti àwọ̀ géètì. Ẹni tó bá ní òun wà ní Nyanya, bi í bóyá ó ti kọjá sí Mararaba, torí Mararaba ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Nasarawa, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ló sì yẹ kí o tètè kàn sí. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná, bi í ní ìlú tó kọjá gbẹ̀yìn. Tafa ń bẹ ní Ìpínlẹ̀ Niger, Jere ti wà ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn tí yóò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Aláṣọ, Zaria:

Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ti Hausa. Ẹni tí jìnnìjìnnì bá bá, èdè ìyá rẹ̀ ló máa fi ké, bó ti wù kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Ẹ bi ọkùnrin pé "Kana ina?", ẹ bi obìnrin pé "Kina ina?", kí ẹ sì fi "Kusa da me?" tẹ̀ lé e kí ó lè dárúkọ ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ "gobara", iná ń jó. "Hatsari" ni jàǹbá. "Barayi" ni àwọn olè. "An sace shi" sì ni pé wọ́n ti jí ọkùnrin kan gbé. Ẹ wá ẹnìkan ní ibi iṣẹ́ tí yóò máa fi Hausa nìkan bá yín sọ̀rọ̀ ní àsìkò tí ìpè bá dín kù. Ìyẹn yóò yára ju ìwé lọ.

Nọ́ọ̀sì, Gwagwalada:

Ìyá Tóyìn, ariwo tí ẹ ń gbọ́ ṣáá yẹn àti oorun tí kò wá kì í ṣe pé ẹ ya ọ̀lẹ. Ẹni tó fi etí gbọ́ jàǹbá lè ní ìpalára ọkàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fojú rí i. Bí ó bá ti kọjá oṣù kan tí kò sì lọ, ẹ lọ rí dókítà ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ọsibítù ìjọba. Kò túmọ̀ sí pé orí yín dàrú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró kí ó di ńlá.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àkókò tí ẹ fi ń retí pàtíróòlù wúlò púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ẹnìkan, ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò náà gidigidi, kí wọ́n má sì máa ṣí i wò. Bí ènìyàn bá dákú tí kò sì mí, kí ẹni tó wà níbẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ̀yin máa ka á sí i létí, kí ó lè máa bá yín lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ìbọn, ẹ sọ fún wọn pé òfin ọdún 2017 pa á láṣẹ fún gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, láti tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láì béèrè ìwé ọlọ́pàá. Mo ti rí àwọn tó kọ́kọ́ gbé ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ó dùn mí títí di òní. Gbólóhùn kan láti ẹnu yín lè mú kí ẹbí kan gba ilé ìwòsàn lọ tààrà.

Agbẹjọ́rò, Garki:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún ti obìnrin Lugbe yẹn. Àbújá wà lábẹ́ òfin ọdún 2015 tó de ìwà ipá sí ènìyàn. Òfin náà sọ ọ́ di ojúṣe ọlọ́pàá láti ran ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé lọ́wọ́, láti ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ibi tí ààbò wà, àti láti ṣàlàyé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Nítorí náà, bí pàtíróòlù kan bá fèsì pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ kọ èsì náà sílẹ̀ bí ó ti wí i gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àkókò tó wí i, kí ẹ sì gbé e lọ bá ọ̀gá yín. Ẹ má sì sọ orúkọ tàbí ilé ẹni tó pè fún ẹnikẹ́ni lóde, títí kan ọkọ yín.

Ìyá Tóyìn, Àbújá:

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti bá ọ̀gá tó ń bójú tó yàrá wa sọ̀rọ̀ nípa àyè àbọ̀ nínú ìwé, ó ní òun yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi àti ọkọ mi ti fẹnu kò pé n kò ní í kọ̀wé báyìí, ṣùgbọ́n n óò lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Bàbá Wálé, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ mi ló mú yín sọ ọ́.

Ó ku ìbéèrè kan. Pípe 112 kò gba owó, nítorí náà àwọn ọmọdé máa ń fi ṣeré gan-an. Ṣé kò ní dára kí a máa dí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pa?

Olùkọ́ Ìtàn, Bwari:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí eré yẹn fi léwu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1935, ilé kan jó ní òpópónà Wimpole ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin márùn-ún sì kú. Aládùúgbò kan ti ń gbìyànjú láti pe panápaná, ṣùgbọ́n ìpè rẹ̀ wà lórí ìlà pẹ̀lú ti àwọn tó ń pè fún ọ̀rọ̀ lásán, kò sì sẹ́ni tó gbé e. Ọ̀rọ̀ náà ló mú kí wọ́n dá nọ́ńbà pàjáwìrì 999 sílẹ̀ ní ọdún 1937. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n sì máa ń dákẹ́ gbọ́ ọ. Kí àwọn ọlọ́pàá máa wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa wá sọ ọ́ fún wọn, yóò ràn yín lọ́wọ́.

Bàbá Fẹ̀yìntì, Kàdúná:

Ọmọ mi, má ṣe dí nọ́ńbà kankan pa. Fóònù tí ọmọ fi ṣeré láàárọ̀ ni ìyá rẹ̀ lè fi pè yín lálẹ́. Bí o bá gbọ́ ohùn ọmọdé, má ṣe jágbe mọ́ ọn. Bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ta ni àgbà tó wà nílé? Gbé fóònù fún un." Bí ó bá rẹ́rìn-ín tó sì sá, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o gba ìpè mìíràn. Bí ó bá dáhùn pé màmá òun wà nílẹ̀, òun jí i, kò dáhùn, má ṣe jẹ́ kí ó pa fóònù náà. Béèrè orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ọmọ tí kò mọ òpópónà ilé wọn máa ń mọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí o sì rán pàtíróòlù sí àdúgbò náà bí ẹ ṣì ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.