Owó olówó ti ṣìnà wọ àkáǹtì yín rí? Ẹ wá jẹ́wọ́

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ má purọ́, a ò mọ ojú ara wa níbí. Tèmi rèé. February 2023, ìgbà tí wọ́n ní ká kó owó àtijọ́ wá tí tuntun ò sì sí nílẹ̀, 1,700 péré ló kù nínú àkáǹtì mi, irú èyí tó jẹ́ nọ́ńbà fóònù yẹn, ni àlẹ́ẹ̀tì bá wọlé, 85,000. Mo pa fóònù, mo tún tàn án, ó ṣì wà níbẹ̀. Kílẹ̀ tó ṣú mo ti ra ìrẹsì lọ́kàn mi, mo ti sanwó iléèwé, mo tiẹ̀ ti ń ro irọ́ tí màá pa fún bàbá àwọn ọmọ. Àfi bí ọ̀gbẹ́ni kan ṣe pè, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà kan ni mo ṣì tẹ̀." Mo dá a padà. Àmọ́ mo ti ná 5,000 nínú ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ di Sátidé.

Bàbá Tírélà: Ká ní kò pè ńkọ́?

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Bọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre 😂

Màmá Ìbejì: Ẹ ṣọ́ra o. Àwọn mìíràn á fowó ránṣẹ́ sí yín, wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ dá a padà sí àkáǹtì ẹlòmíì. Báǹkì yín ni kẹ́ ẹ sọ fún, káwọn fúnra wọn dá a padà síbi tó ti wá.

Gbénró: Èmi ò dá tèmi padà. 2019. 12,000. Ẹ bú mi.

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Ẹni tó ni ín ò pè ọ́ ni?

Gbénró: Ó pè. Mo blọ́ọ̀kù ẹ̀.

Bàbá Tírélà: Haaa.

Alàgbà Òkè-Ògùn: Ayé ti bàjẹ́. Kí náírà tó dé ní 1973, tọ́rọ́ àti sísì la ṣì ń ná nígbà yẹn, ìyá mi á to iṣu sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko, á fi òkúta wẹẹrẹ sọ iye tó jẹ́, á bá tiẹ̀ lọ. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, owó ló máa bá níbẹ̀.

Kẹ́mi London: Bàbá, ẹ ò sọ pé ààlè wà níbẹ̀. Ìyarun tó kán, àkísà pupa. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, kì í ṣe ìwà.

Alàgbà Òkè-Ògùn: Ìyá mi ò pa ààlè rí láyé ẹ̀!

Màmá Ìbejì: Kẹ́mi, kámẹ́rà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ́hùn-ún ńkọ́, ṣebí ààlè òyìnbó nìyẹn?

Kẹ́mi London: Ó kún ṣọ́ọ̀bù wa o, wọ́n ṣì ń jí mílíìkì 😭 ó sàn kí n gbé ìyarun kọ́ síbẹ̀.

Dókítà Agbo: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo mú ọsàn mẹ́ta nídìí igi tí wọ́n so àkísà pupa mọ́. Inú run mí fún ọjọ́ méjì, mi ò lè jẹ́wọ́, mo kàn ń sunkún pé mi ò ní ṣe é mọ́, màmá mi ń bi mí pé kí ni, mo ní kò sí. Mo ti dàgbà kó tó yé mi pé ọsàn yẹn ò tíì pọ́n.

Alàgbà Òkè-Ògùn: Ta ló sọ fún ẹ pé ọsàn ni?

Dókítà Agbo: Bàbá ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ti ṣú, mo fẹ́ sùn.

Bàbá Tírélà: Ẹ dúró ná. Gbénró, oṣù wo ní 2019?

Gbénró: Kí ló dé?

Bàbá Tírélà: 12,000 tèmi náà wà níta láti 2019 o. Ẹni náà blọ́ọ̀kù mi.

Gbénró: Mi ò rántí oṣù.

Bàbá Tírélà: Rántí ẹ̀.