Ìyàwó pásítọ̀ ni mí, àlejò ò jẹ́ kí n rójú ráyè

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin màmá. Pásítọ̀ lọkọ mi níbí ní Agric, èmi ló wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kùtùkùtù làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kanlẹ̀kùn, ẹni tó fẹ́ àdúrà, ẹni tó bá ọkọ ẹ̀ jà, ìkọ́kọrẹ́ ń jó lórí sítóòfù, Kẹ́hìndé ń sunkún lẹ́yìn mi, wọ́n sì tún ń retí oúnjẹ. Tí mo bá ní ó rẹ̀ mí, wọ́n á ní "ṣebí ilé lẹ wà". Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ìjọ: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí dádì kéde ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọjọ́rú nìkan ni kí wọ́n máa wá.

Màmá Bọ́lú: Mi ò fara mọ́ ìyẹn o, ẹni tí ọkọ ẹ̀ nà lóru ò lè dúró d'Ọjọ́rú. Oúnjẹ lẹ ò ní fún wọn mọ́, omi tútù tó, kẹ́ ẹ sì gbé Kẹ́hìndé fún àlejò kó bá yín pọ̀n ọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́: Ẹ wá nǹkan ṣe tó jẹ́ tiyín. Èmi ń ra ẹja lọ́jà Olúwo, mò ń yan án lẹ́yìnkùlé táwọn ọmọ bá sùn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Màá bá dádì sọ ọ́ lálẹ́ yìí.