Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, àbúrò mi fẹ́ tú ilé mọ́ mi lórí

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ má bínú pé ó máa gùn, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Èmi ni mo gba àbúrò mi ọkùnrin sílé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni mò ń san owó ilé-ìwé ẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọjà ṣe rí. Ẹni tó ń ra ìtì mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, yáàdì mẹ́fà ló ń ná báyìí, kò sì ní rà á. Nínú ẹ̀ náà ni mo ti ń ṣe é.

Ọmọ yìí wá yí padà. Kì í wẹ̀. Òru ló ń rìn kiri nínú yàrá, tí á máa dá sọ̀rọ̀, tí á máa dá rẹ́rìn-ín. Ó fi ìwé ìròyìn lẹ fèrèsé pa, ó ní àwọn ará ilé kejì ń fi jẹnẹrétọ̀ wọn gbọ́ ohun tí òun ń rò. Jẹnẹrétọ̀ o! Èyí tó dùn mí jù, ó da gbẹ̀gìrì àti ewédú tí mo sè nù lójú àwọn ọmọ mi, ó ní mo ti fi nǹkan sí i. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n! Màámi ń pè mí láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ní ẹnu ọkọ mi ni mò ń tẹ̀ lé, pé n ò tọ́jú ọmọ àwọn. Ọkọ mi náà ò bá mi sọ̀rọ̀, torí ọmọ yẹn fọ́ gíláàsì ọkọ̀ ẹ̀. Lańlọ́ọ̀dù ní ká wá ilé.

Ṣé kí n dá a padà fún màámi ni? Ó ti sú mi.

Alhaja Ọjẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Àsàsí nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Bẹẹrẹ, ìgbéyàwó ku ọ̀la ló bọ́ aṣọ sílẹ̀. Màlúù méjì la ti pa. Ìrẹsì yẹn, àdúgbò ló jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ìyàwó ilé wa kan tún fi abọ́ kó lọ, títí dòní mi ò rí kúlà mi.

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ yẹ àpò ẹ̀ wò. Colorado ni, igbó oníkẹ́míkà yẹn. Gbogbo wọn ló ń fà á.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:
@Ọmọ Mọ́níyà, kò mu sìgá rí débi colorado. Ẹ má ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Agodi:
Ìyá Ìbejì, ọmọ ọdún mélòó ni? Ó ti tó ìgbà wo tó ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé dókítà ti rí i?

Akin Apẹ̀tẹ̀:
Mo fẹ́ kọjá níbí ni, ṣùgbọ́n n ò lè dákẹ́. Ní 2016 tí mo wà ní ND kejì, rédíò ń bá mi sọ̀rọ̀. N ò sọ pé ó ń ṣe mí bí ẹni pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀ o. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ, orúkọ mi ló ń pè láàárín ìròyìn. Tẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ̀yin ni n óò kà sí ọ̀tá. Ìyá Ìbejì, ọmọ yẹn ò fi ọbẹ̀ yẹn wọ́ yín nílẹ̀. Ó dá a lójú pé májèlé wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á.

UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn, ni wọ́n gbé mi lọ nígbẹ̀yìn. Oògùn kan lálẹ́, ó mú mi sanra, ó mú mi sùn bí òkúta. Àmọ́ rédíò dákẹ́. Mo parí ilé-ìwé, mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ìyàwó.

Ṣadé Challenge:
Ẹ gbé e lọ UCH.

Alhaja Ọjẹ̀:
UCH kẹ̀? Òyìnbó ò mọ wèrè Yorùbá. Àsofẹ́yẹjẹ ni bàbá tó bí bàbá mi fi ń wò ó, ara wọn á sì balẹ̀.

Bọ̀dá Tíṣà:
Alhaja, Lambo tó jẹ́ dókítà ọpọlọ kì í ṣe òyìnbó, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Láti 1954 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àìsàn ọpọlọ ní ọsibítù Àró, l'Abẹ́òkúta níbẹ̀. Abúlé tó wà nítòsí ló ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, ẹbí wọn kan á máa se oúnjẹ fún wọn, wọ́n á sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù lójúmọmọ. Ó tiẹ̀ ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Òun náà ló padà wá jẹ VC, gíwá, ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí.

Nọ́ọ̀sì Agodi:
Àsofẹ́yẹjẹ lágbára lóòótọ́, Alhaja. Igi tó bá a tan ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ oògùn kan tí wọ́n ń pè ní reserpine. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè mú kí ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì gan-an. Ta ló ń wọn ti inú ìgò àgbo? Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:
Ọmọ ọdún 23 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo UCH, ẹ ò mọ iye tí mo ti ná. Mo ti gbé e lọ ọsibítù kan ní February, n kì í ṣe bush. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún un lóògùn. Ní ọjọ́ kejì ọrùn ẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ahọ́n ẹ̀ yọ síta, kò lè dá a padà sẹ́nu. Ẹ ẹ̀ bá rí i, ẹ ẹ̀ bá sá. Mo sunkún títí. Mo da oògùn yẹn sí gọ́tà. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ìyá á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣadé Challenge:
Hàà! Ẹ jẹ́ ó lọ sí Àró.

Nọ́ọ̀sì Agodi:
Ẹ pẹ̀lẹ́, màá mi. Ojú yín rí nǹkan. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn ló fà á, a mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló sì máa ń ṣe jù. Ká ní ẹ dá a padà lọ lọ́jọ́ náà ni, abẹ́rẹ́ míì wà tí wọ́n á gún un, ọrùn á tú kíákíá. Wọ́n á fi Artane, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọrùn yí bẹ́ẹ̀, kún oògùn ẹ̀ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ oògùn náà. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀bi tiwọn nìyẹn, kì í ṣe tiyín. Kó tó di pé ọrùn yí, ṣé ó sùn?

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:
Ó sùn. Ó jí, ó ní "Sísí mi, ẹ káàárọ̀." Ó ti tó oṣù méjì tí kò kí mi kó tó dìgbà yẹn.

Akin Apẹ̀tẹ̀:
Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí?

Akin Apẹ̀tẹ̀:
Ìyá Ìbejì, mò ń bi yín o.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:
Kò sí nílé. Ó wà lọ́dọ̀ wòlíì kan ní ọ̀nà Ológunẹ́rù, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Wọ́n ní tó bá ti pé mọ́kànlélógún, kí n wá mú un, ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ kó má baà sá lọ. Ó ń gbààwẹ̀ ni, ẹ má bú mi.

Ọmọ Mọ́níyà:
Ìwọ obìnrin yìí! Ajá lo so mọ́lẹ̀?

Bọ̀dá Tíṣà:
Má bú u. Ìyá Ìbejì, òfin tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, tó ń pe aláìsàn ní wèrè, ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Èyí tí Bùhárí fọwọ́ sí ní January 2023 fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni má fìyà jẹ wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Agodi:
Ẹ fi òfin sílẹ̀ ná. Ààwẹ̀ yẹn, ṣé ó ń mu omi?

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:
Ìrọ̀lẹ́ nìkan. Wọ́n ní ìgbẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ yìí, kò ní sí omi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Akin Apẹ̀tẹ̀:
Èmi náà wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kí n tó dé UCH. N kì í wọ ṣòkòtò péńpé títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyàwó mi rò pé ọ̀kadà ló sun mí lẹ́sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agodi:
Ẹ lọ mú un lálẹ́ yìí. Tààrà sí yàrá pàjáwìrì ni. Ẹ mú káàdì February dání, ẹ sọ ti ọrùn yẹn fún wọn kí wọ́n tó gún un ní ohunkóhun. Tí owó bá di wàhálà, ẹ béèrè àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ọsibítù, àwọn oògùn tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ kì í sì í wọ́n bíi tuntun. Tí ara ẹ̀ bá wá yá, kó má dá oògùn dúró fúnra ẹ̀, ó lè gbà tó ọdún kan sí méjì.

Alhaja Ọjẹ̀:
Ẹ gbé omi àti ẹ̀kọ tútù dání. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un o.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:
Mo ti pe wòlíì. Ó ní kí n kó ogójì ẹgbẹ̀rún tó kù wá kó tó ṣí i. Mo ń sunkún lórí fóònù ni ọkọ mi bá gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Kò sọ nǹkan kan. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ báyìí. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan ò sí, a máa wà á lọ bẹ́ẹ̀. Mo rí káàdì náà, abẹ́ ìtì áńkárá ló wà.